Bíríkìlà Ògiri Méjì

Ní Òkè-Baálẹ̀, níbi tí títì ti di erùpẹ̀,
ilé méjì dojú kọ ara wọn bí àgbò méjì tí ìjà wọn kò tíì tán.
Ọ̀ṣúndìran ló ni tọwọ́ ọ̀tún, ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè fẹ̀yìn tì.
Àlàájì Mùdáṣírù ló ni tòsì, ó ń ta irin àti páànù.
Èmi ni mo mọ ògiri fún àwọn méjèèjì.
Ọwọ́ kan náà. Ṣọ́bìrì kan náà. Yanrìn odò Ọ̀ṣun kan náà.

Nígbà kan, igi ọsàn kan péré ló wà láàárín wọn,
èso rẹ̀ ń jábọ́ síbi tó bá wù ú.

Ohun tó dá a sílẹ̀ ò tó nǹkan:
Àlàájì gbé ẹ̀rọ kan wọlé lóru, ó fi tapólì bò ó.
Ọ̀ṣúndìran bi mí láàárọ̀, "Kí ló wà lábẹ́ tapólì yẹn?"
Mo ní n ò mọ̀.
"Ohun tó dáa, ta ní ń fi tapólì bò ó?"
Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n gbé ògiri òun dé igbáàyà.
Àlàájì rí igbáàyà, ó ní kí tòun dé ọrùn.
Ọrùn pe orí, orí pe àfọ́kù ìgò,
ìgò pe wáyà ẹlẹ́gùn-ún,
wáyà pe ajá méjì tí kì í sùn,
tí wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n ń gbó mọ́.

Ifura loògùn àgbà, òótọ́ ni.
Ṣùgbọ́n a ti rí ẹni tó gbé ìgò oògùn ibà dá mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:
ibà kọ́ ló pa á.

Rédíò mi ń sọ̀rọ̀ lórí búlọ́ọ̀kù.
Ó ní ìlú alágbára kan lókè òkun
sọ pé alágbára kejì ń kó ohun ìjà pamọ́.
Èkejì ní irọ́ ni, àwọn kàn ń múra de irọ́ náà ni.
Àwọn mẹ́ta ti tọwọ́ bọ̀wé nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀,
àwọn mẹ́rin mìíràn ń wá yàrá.
Tìámíyù, ọmọọṣẹ́ mi, dáwọ́ dúró:
"Ọ̀gá, ta ni bíríkìlà tiwọn?"
Mo ní kó po sìmẹ́ńtì.

Bàbá ìyá mi a máa sọ ohun tí bàbá tirẹ̀ sọ fún un,
pé ní ọdún mẹ́rìndínlógún ogun Kírìjì,
ẹni tó fẹ́ ra iyọ̀ a kọ́kọ́ wo ilà ojú ẹni tó ń tà á.

Àwọn ayálégbé Àlàájì ò pọnmi ní kànga Ọ̀ṣúndìran mọ́.
Ìyá Adépéjú tó wà ní orítà, òun ni wọ́n ń fà mọ́ra:
ọ̀kan gbé àpò gààrí wá, èkejì fa iná fún un.
Ó gba méjèèjì, ó dúpẹ́,
ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà: "Èló ni búlọ́ọ̀kù báyìí?"

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.
Kò sẹ́ni tó bi àyà léèrè bóyá ó ń dùn ún.

Lóṣù kẹsàn-án, òjò rọ̀ mọ́jú.
Omi ò rọ́nà gbà, ògiri mi ti dí gọ́tà pa,
ó mu wọ́n dé orúnkún nínú ilé méjèèjì.
Àwọn àgbàlagbà méjì gun àkàbà, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́,
kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ti ẹnìkejì pọ̀ jù.
Iná bá iná lójú.
Àlàájì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ó dé ibo lọ́dọ̀ yín?"
Ọ̀ṣúndìran, tí bàtà rẹ̀ ń léfòó lọ sí ilé ìdáná, dáhùn pé,
"Kò tó nǹkan."

Kí ilẹ̀ tó mọ́, fóònù mi ti dún lẹ́ẹ̀mejì.
Mo gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.
Lálẹ́, mo ti ilẹ̀kùn ilé mi, mo tún padà lọ tì í,
n ò mọ ẹni tí mo tì mọ́ òde.